Ta Ló Ni Ẹ̀dá Inú Agọ̀? Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Òṣèré Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Nínú Sinimá Àròsọ Sáyẹ́ǹsì

Ní ọdún 1931, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Universal gbé sinimá Frankenstein jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n to orúkọ àwọn òṣèré sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ẹni tí ó ṣe abàmì ẹ̀dá náà gan-an, ẹ̀dá tí ó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni èrò fi ń wọ́ lọ sí ilé sinimá, àmì ìbéèrè lásán ni wọ́n fi sí àyè orúkọ rẹ̀. Boris Karloff ni ọkùnrin náà í ṣe. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, ó sì ti ṣe ipa kéékèèké nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ sinimá tí wọn kò sọ ọ́ di ẹni tí a mọ̀. Ìparí sinimá ni orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Ọgbọ́n ìpolówó ni wọ́n fi àmì ìbéèrè yẹn dá, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó bí kò tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní.

Òṣèré amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tí à ń bá wí níhìn-ín kì í ṣe akọni tí a ya àwòrán rẹ̀ gàdàgbà sára ìwé ìpolówó. Òun ni ó máa ń ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó kìlọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, ọ̀gágun tí ó pa àṣẹ kan ṣoṣo kí ó tó kú, ẹ̀rọ tí ń fọhùn bí ènìyàn, àjèjì tí ó ti inú ìràwọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí irú wọn kò bá sí, akọni kò ní rí ẹni bá jà, kò sì ní rí ẹni gbà là. Nígbà tí irú òṣèré bẹ́ẹ̀ bá wá lo ìgbésí ayé rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, kí ni iṣẹ́ náà sọ ọ́ dà? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni èsì tí àwọn òṣèré, àwọn olóòtú sinimá àti àwọn olùwòran ti fọ̀ sí i kì í ṣe ẹyọ kan. Ó dàbí ẹni pé òṣùwọ̀n tí olúkúlùkù gbé lọ́wọ́ ni ó fa ìyàtọ̀ ohùn wọn: ẹlòmíràn ń wọn iyì, ẹlòmíràn ń wọn oúnjẹ, ẹlòmíràn sì ń béèrè ẹni tí ó ni nǹkan.

Àwọn tí ó ní ẹ̀wọ̀n ni

Èrò tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn òṣèré fúnra wọn ni pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ewé a di ọṣẹ. Leonard Nimoy, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Spock, igbákejì ọ̀gá ọkọ̀ nínú eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek ní 1966, kọ ìwé ìtàn ara rẹ̀ ní 1975, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní I Am Not Spock. Nígbà tí ó di 1995, ó tún kọ òmíràn, ó pe ìyẹn ní I Am Spock. Bí ti àkọ́kọ́ ti jẹ́ kíkọ̀ ni ti èkejì jẹ́ gbígbà, ogún ọdún sì ni ó wà láàárín wọn. Alec Guinness, tí ó ti gba ẹ̀bùn Oscar lórí The Bridge on the River Kwai kí ó tó ṣe àgbà ajagun nì, Obi-Wan Kenobi, nínú Star Wars ní 1977, kò fi pamọ́ pé ó ń dun òun bí ayé ti fẹ́ fi sinimá kan ṣoṣo yìí bo gbogbo iṣẹ́ òun yòókù mọ́lẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpín tí ó gbà nínú èrè sinimá náà sọ ọ́ di olówó ju gbogbo èyí tí ó ti ṣe lórí ìtàgé lọ. Nígbà tí ó di 1999, ìráhùn yìí ti di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ débi pé wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú Galaxy Quest, níbi tí Alan Rickman ti ṣe òṣèré orí ìtàgé kan tí rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lórí ti sú bí ẹni máa kú.

Agbára èrò yìí ni pé ó tọ́ka sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nítòótọ́: àwọn tí ń yan òṣèré a máa bẹ̀rù pé bí olùwòran bá rí ojú kan, ẹ̀dá àtijọ́ ni yóò rí, kì í ṣe ẹ̀dá tuntun. Ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ kò kéré. Èkíní, ẹni tí ó gbajúmọ̀ ni a ń gbọ́ ìráhùn rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣèré tí ẹnikẹ́ni kò pè síṣẹ́ rárá ni ìbá fi ayọ̀ wọ irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀. Èkejì, ẹ̀wọ̀n akọni yàtọ̀ sí ti amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé ẹni tí a kò rí ojú rẹ̀ lè ṣe ogún ẹ̀dá láàárín ọdún mẹ́wàá láìjẹ́ pé olùwòran kan fura. Lójú tèmi, èrò yìí ń sọ òótọ́ nípa àwọn ìwọ̀nba ènìyàn kan, ó sì ń gbé e kalẹ̀ bí òfin fún gbogbo ayé.

Àwọn tí ó ní oko olóràá ni

Ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ. Èyí ni ìdáhùn ẹgbẹ́ kejì. Ẹni tí ó bá wo sinimá àròsọ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà ti àwọn ọdún 1950, agbára káká ni yóò fi má pàdé Whit Bissell: ó wà nínú Creature from the Black Lagoon ní 1954, ó wà nínú Invasion of the Body Snatchers ní 1956, ó wà nínú The Time Machine ní 1960, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n sì gba ipò, òun ni ọ̀gágun nínú The Time Tunnel, òun náà ni alábòójútó ibùdó ojú òfuurufú nínú apá kan Star Trek ní 1967. Kò wọ agọ̀ kankan. Kóòtù àti táì ni aṣọ rẹ̀, ohùn dókítà tí ó mọ ohun tí ó ń sọ ni irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi wọ́n jẹun dé ọjọ́ ogbó. Mark Lenard ni òṣèré àkọ́kọ́ tí ó ṣe ará Romulus, ará Vulcan àti Klingon nínú ìtàn Star Trek kan náà, ní 1966, 1967 àti 1979. Jeffrey Combs sì ṣe ẹ̀dá méjì tí kò jọra rárá nínú apá kan ṣoṣo ti Deep Space Nine, ẹ̀ka Star Trek kan, ní 1999, èyí tí ẹni tí kò ka àkọsílẹ̀ orúkọ kò lè mọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún òṣèré tí ó fẹ́ràn pípa ara dà.

Àwọn olùfọkànsìn ni òpó kejì èrò yìí. Wọ́n dá Star Trek dúró lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1969, ṣùgbọ́n nínú oṣù kìíní ọdún 1972, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ pe àpéjọ ńlá kan ní New York, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì wá. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà pé òṣèré tí ó ṣe àjèjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn lè jókòó nídìí tábìlì, kí ó máa buwọ́ lu àwòrán ara rẹ̀ fún owó. Peter Mayhew, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù kí gíga rẹ̀ tó gbé e dé inú irun Chewbacca ní 1977, rí iyì àti ìfẹ́ gbà láti ọ̀dọ̀ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú ní 2019. Kò sí ìran sinimá mìíràn tí ó ń ṣìkẹ́ òṣèré kékeré pẹ́ tó báyìí.

Síbẹ̀, oko náà kò mú irè bá gbogbo àgbẹ̀. Ẹ̀dá ni àwọn olólùfẹ́ ń wá, wọn kò wá òṣèré. Ẹni tí ẹ̀dá rẹ̀ kò bá wọ̀ wọ́n lójú, tábìlì rẹ̀ yóò dá páropáro. Bákan náà ni owó tí ó yẹ kí ó ti ọwọ́ iṣẹ́ gan-an wá kì í fi gbogbo ìgbà dé: àdéhùn tí ó wà nígbà tí àwọn òṣèré Star Trek àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kò fún wọn ní owó títí ayé lórí àtúngbéjáde, bẹ́ẹ̀ àtúngbéjáde yẹn náà ni ó sọ eré náà di òkìkí.

Àwọn tí ó ní agọ̀ ni òṣèré, ènìyàn kọ́

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí a bá wá bo ojú, níbo ni ọ̀rọ̀ wà? Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí, nítorí pé nígbà tí eégún bá jáde, ará ọ̀run ni a ń kí, a kì í kí ẹni tí ó wà lábẹ́ ẹ̀kú. Ṣùgbọ́n eégún kì í gba owó oṣù, kò sì sí ẹni tí ń bá a du ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀kú ní kóòtù.

Àwọn tí ó di èrò yìí mú ní ẹ̀rí tí ó ṣòro láti yí dànù. Planet of the Apes ti 1968 mú kí wọ́n fún John Chambers, ẹni tí ó ṣe ojú ọ̀bọ fún àwọn òṣèré, ní ẹ̀bùn Oscar pàtàkì. Kim Hunter, tí òun fúnra rẹ̀ ti gba Oscar lórí A Streetcar Named Desire, wà lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ojú náà, kò sì sí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀bùn. The Shape of Water ti 2017 gba Oscar sinimá tí ó dára jù, wọ́n sì ka òṣèré mẹ́ta inú rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó tọ́ sí ẹ̀bùn. Doug Jones, ẹni tí ó ṣe ẹ̀dá inú omi tí gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́, kò sí nínú wọn. Ọkùnrin kan náà yìí ti ṣe Abe Sapien nínú Hellboy ní 2004, tí wọ́n sì fi ohùn David Hyde Pierce rọ́pò tirẹ̀. Pierce fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀ kí wọ́n fi orúkọ òun sí i, nítorí ó gbà pé Jones ló ni iṣẹ́ náà, nígbà tí sinimá kejì sì dé ní 2008, ohùn Jones ni a gbọ́.

Kò sí àpẹẹrẹ tí ó ta yọ Darth Vader. David Prowse, agbé-irin-wúwo ọmọ Bristol, ni ó wọ ẹ̀wù dúdú náà; James Earl Jones ni ó ni ohùn, òun náà sì ní kí wọ́n má kọ orúkọ òun sí sinimá méjì àkọ́kọ́; nígbà tí idà bá dé, ní 1980 àti 1983, Bob Anderson ni ó ń fi idà jà; nígbà tí wọ́n sì ṣí ìbòjú ní 1983, ojú Sebastian Shaw ni a rí. Àwọn àgbà ní bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ ohùn. Níhìn-ín, ojú yẹ, ohùn náà sì yẹ, ẹ̀dá kan ṣoṣo ni ayé sì mọ̀.

Àwọn alátakò dáhùn pé agọ̀ láìsí ènìyàn, rọ́bà lásán ni. Ẹ̀rí wọn tí ó wọni lára jù ni ti Bólájí Badéjọ, ọmọ tí a bí ní Èkó ní 1953, ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ ọnà yíyà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí wọ́n rí i fún Alien, sinimá Ridley Scott ti 1979. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀ lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ẹni tí ó bá rí i nínú agọ̀ tí H. R. Giger yà kò ní rò pé ènìyàn lè wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń wá gan-an nìyẹn. Wọ́n kọ́ ọ ní ijó-jà ilẹ̀ Ṣáínà àti eré ìfarasọ̀rọ̀, kí ìrìn rẹ̀ má bàa jọ ti ọmọ aráyé. Ìrù agọ̀ náà kò jẹ́ kí ó lè jókòó sórí àga, nítorí náà ni wọ́n fi ṣe ìjókòó afìkọ́rọ̀ kan fún un, èyí tí ó fi ń sinmi láàárín iṣẹ́. Nígbà tí sinimá náà gba Oscar lórí ìdán ojú àwòrán, Giger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Carlo Rambaldi tí ó ṣe ẹ̀rọ orí náà wà lára wọn, ni ó gba á. Badéjọ kò ṣe sinimá mìíràn. Ó padà sílé, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) sì mú un lọ ní Èkó ní 1992, kí ó tó pé ẹni ogójì.

Ẹ̀rí náà ń gún ọ̀nà méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ pé ìrìn rẹ̀ ni ó mú ẹ̀rù bani, ẹ̀tọ́ ni kí a pè é ní òṣèré ńlá. Bí ó bá sì jẹ́ pé gíga rẹ̀ nìkan ni wọ́n rà, àwọn tí ó ní agọ̀ ló ni iṣẹ́ rí ohun sọ. Ọ̀rọ̀ sinimá Predator ti 1987 pẹ̀lú kò lè dá ẹjọ́ yìí: wọ́n kọ́kọ́ fi Jean-Claude Van Damme sínú agọ̀ kan, kò dára, wọ́n sì fi Kevin Peter Hall rọ́pò rẹ̀, ó dára gidigidi, ṣùgbọ́n wọ́n yí agọ̀ padà pẹ̀lú ènìyàn, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè ya ọwọ́ èyí kúrò lára tọ̀hún.

Kọ̀ǹpútà wá dá kún ìjà náà. Andy Serkis fi ara rẹ̀ ṣe Caesar, ọ̀bọ ọlọ́gbọ́n, nínú sinimá mẹ́ta láàárín 2011 àti 2017. Ó ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò ju atíkè lọ. Àwọn tí ń ya àwòrán nínú kọ̀ǹpútà sì fárígá, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ohun tí ojú Caesar ń ṣe, àwọn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Wọ́n ka sinimá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ àwọn tí ó tọ́ sí Oscar lórí ìdán ojú àwòrán, kò sì sí èyí tí a kà mọ́ ti òṣèré.

Àwọn tí ó béèrè àwọ̀ ẹni tí ó wà lábẹ́ agọ̀

Ẹgbẹ́ kẹrin ní ìwọ̀nyí ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní kí a wo àwọn tí a ń bò: Badéjọ, Hall, Michael Dorn tí ó ṣe Worf nínú Star Trek lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1987 dé 1994 àti láti 1995 dé 1999, nínú apá eré tí ó ju 250 lọ, tí iwájú orí rọ́bà sì wà lójú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ènìyàn dúdú ni gbogbo wọn. Wọ́n tún tọ́ka sí Adéwálé Akínnúoyè-Agbájé, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí gbogbo ayé mọ ojú rẹ̀ nínú Lost, tí sinimá àwọn akọni alágbára àràmàǹdà sì fi pamọ́ sábẹ́ ìhámọ́ra ẹ̀dá tí a ń pè ní Kurse ní 2013 àti awọ ọ̀nì Killer Croc nínú Suicide Squad ní 2016. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, àwọn tí ó kun àwọn òṣèré ní atíkè ni ó gba Oscar. Ìbéèrè wọn ni pé, ṣé iṣẹ́ ni wọ́n fún ènìyàn dúdú ni, àbí ojú rẹ̀ ni wọn kò fẹ́ rí?

Ìbéèrè tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti ń mẹ́hẹ. Àwọn aláwọ̀ funfun tí ó wà lábẹ́ agọ̀ pọ̀ ju àwọn dúdú lọ. Prowse, Mayhew àti Doug Jones wà lára wọn. Nichelle Nichols jókòó síwájú ẹ̀rọ Star Trek ní 1966 pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ gbangba, débi pé àjọ NASA gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn náà láti fa obìnrin àti ènìyàn dúdú wá sí iṣẹ́ ojú òfuurufú. Lupita Nyong'o, lẹ́yìn tí ó gba Oscar, fi ìfẹ́ inú gba iṣẹ́ ẹ̀dá kọ̀ǹpútà nínú Star Wars ti 2015, nítorí ó ń fẹ́ ipa tí ara òun kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Nínú sinimá yẹn kan náà, ojú John Boyega, ọmọ Yorùbá láti Peckham, hàn kedere, síbẹ̀ ó sọ ní gbangba ní 2020 pé wọ́n polówó ẹ̀dá òun bí ẹni pàtàkì, wọ́n sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A jẹ́ pé ṣíṣí ojú nìkan kò tó. Ìpín tí a fún ojú náà nínú ìtàn ni ẹjọ́ wà. Ohun kékeré kan kò kúrò lọ́kàn mi níbí: ní ìparí Predator, awakọ̀ òfuurufú kan yọjú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láìwọ agọ̀, Kevin Peter Hall sì ni.

Àwọn tí ó ní ìwé àdéhùn ni kí a wò

Ẹgbẹ́ yìí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún díẹ̀ sí i, ó lè jẹ́ pé tiwọn ni yóò borí. Wọ́n ní iyì àti ẹ̀gàn kò ní iye; ohun tí a bá kọ sílẹ̀ ni ó ní. Peter Cushing kú ní 1994, síbẹ̀ ojú rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú Rogue One, sinimá Star Wars kan, ní 2016, tí ara rẹ̀ sì jẹ́ ti Guy Henry. Ian Holm, tí ó ṣe Ash nínú Alien, kú ní 2020, ojú rẹ̀ sì tún hàn nínú Alien: Romulus ní 2024. Àwọn ẹbí fọwọ́ sí i, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkú kò mọ iye tí a ra aṣọ. Ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣèré Amẹ́ríkà ní 2023, tí ó gba ọjọ́ 118, ní ọ̀rọ̀ yìí nínú, àdéhùn tí ó sì parí rẹ̀ béèrè ìyọ̀ǹda àti owó kí a tó fi kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀dà òṣèré. Àlébù èrò yìí ni pé ìwé àdéhùn lè sọ ẹni tí a ó sanwó fún, kò lè sọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa.

Ohun tí kò tíì yanjú

Kò tíì sí ìfẹnukò lórí bóyá kí a dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ fún òṣèré inú agọ̀ àti inú kọ̀ǹpútà, tàbí kí a kà á mọ́ àwọn yòókù. Àwọn tí ń fẹ́ ti àkọ́kọ́ ń wá iyì fún un, àwọn tí ń fẹ́ èkejì ń bẹ̀rù pé ilé àpatì ni a ó kọ́ fún un. Kò sí ìfẹnukò lórí bóyá agọ̀ jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún òṣèré dúdú tàbí ògiri, nítorí ohun tí Dorn fi ọdún mọ́kànlá rí níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí Badéjọ fi sinimá kan rí. Àwọn tí ń pín ẹ̀bùn náà kò tíì rí bí a ṣe lè ya iṣẹ́ ara sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ohùn àti ti kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀dá kan tí ènìyàn mẹ́rin jọ ṣe. Àdéhùn 2023 pẹ̀lú dá lórí ohùn àti ìrísí tí a fi ń mọ òṣèré. Ẹni tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, tí a kò rí ojú rẹ̀, tí ó jẹ́ pé ìrìn rẹ̀ nìkan ni ó wà nínú sinimá, bóyá ìrìn yẹn jẹ́ tirẹ̀ àti ti ẹbí rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tàbí ti ilé-iṣẹ́ tí ó ni agọ̀, ni àwọn òṣèré àti àwọn olówó sinimá ṣì ní láti bá ara wọn jókòó lé lórí.